Aṣọ Ọdẹ Lásìkò Ọyẹ́: Láti Orí Kíjìpá Dé Orí Irun Àgùntàn

 Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló jẹ́ àgbẹ̀ lọ́sàn-án, ọdẹ lálẹ́. Ẹni tí kì í ṣe ọdẹ pàápàá a máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ oko kòkó láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ewé gbogbo bá gbẹ, tí iná igbó sì ń jà kiri. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ aṣọ tí à ń wọ̀ bọ́ sínú òtútù òru kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge. Ẹni tí òtútù mú lórí ègùn kò lè di ìbọn mú bó ṣe yẹ. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á máa ṣú, ara rẹ̀ á máa kánjú àtilọ sílé. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ̀n, tó sì ń kánjú, ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè dà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀. Òkè Mògún wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni Ọọ̀ni máa ń lọ nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, pẹ̀lú adé Àrè lórí, láti bọ Ògún. Ògún ni baba gbogbo ọdẹ, kò sì sí ọdẹ tí kò mọ aṣọ rẹ̀: màrìwò ni. Màrìwò yẹ Ògún o, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn tó bá fi màrìwò nìkan bora lóru ọyẹ́, ilé ni yóò sáré gbà kí àkùkọ tó kọ.

Ọdẹ mìíràn tún wà ní Ifẹ̀ tí àwọn àgbà máa ń dárúkọ. Ọ̀rẹ̀ ni. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó ti wà nílẹ̀ náà kí Odùduwà tó dé. Nínú igbó tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ni ère òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdènà, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá wo ère náà dáadáa yóò rí i pé ó ró aṣọ mọ́ ìdí, ó so ó ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn àti sọ́wọ́, wọ́n sì kan ìṣó irin sí orí rẹ̀ ní ipò irun. Láti ìbàdí lọ sókè, kò sí aṣọ lára rẹ̀. Àwọn ère idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, àti èyí tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní 1957, ń fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ti ń ró aṣọ, wọ́n sì ti ń so ó ní oríṣiríṣi ọ̀nà, láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwọn àgbà kan tilẹ̀ máa ń so orúkọ Ọbalùfọ̀n mọ́ aṣọ híhun àti idẹ dídà. Ṣùgbọ́n aṣọ ààfin nìyẹn. Ọdẹ nílò aṣọ tí ẹ̀gún kò ní fà ya.

Aṣọ náà ni kíjìpá. Òwú tí àgbẹ̀ gbìn sáàárín iṣu àti àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn obìnrin á já òwú, wọ́n á yọ kóró inú rẹ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, àwọn ìyá àgbà á sì fi ìrànwú ran án ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Lórí òfì ìdúró, èyí tí wọ́n máa ń gbé ti ògiri, ni obìnrin ti ń hun ún. Kì í ṣe òfì tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọkùnrin fi ń hun aṣọ òkè. Kíjìpá fẹ̀, ó nípọn, ó wúwo lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi gba inú igbó kọjá, kì í dún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i: aṣọ tó ń dún ṣẹ̀ẹ́ṣẹ̀ẹ́ lára ọdẹ ń lé ẹran kí ọdẹ tó rí i.

Aró ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí. Wọ́n á gún ewé ẹlú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì fi omi eérú pò ó nínú ìkòkò ńlá. Wọ́n á ri aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, wọ́n á tún ri í bọ̀ ọ́, títí yóò fi dúdú bí òru. Àwọ̀ yìí kì í fi ìdọ̀tí hàn, kì í sì í tàn nínú òṣùpá. Ní ilẹ̀ Málì lọ́hùn-ún, àwọn ọdẹ Bambara ń fi omi ewé àti èèpo igi àti ẹrẹ̀ pa aṣọ òwú tiwọn láró, kí ó lè jọ ilẹ̀ àti koríko gbígbẹ. Ilẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀dàn, igbó dúdú ni tiwa. Olúkúlùkù ń wọ àwọ̀ ibi tó ti ń dẹ̀gbẹ́.

Gbérí ọdẹ náà wà, ẹ̀wù tí wọ́n rán awọ, owó ẹyọ àti oògùn mọ́. Ohun tí oògùn náà ń ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ní in lẹ lè sọ. Òtútù ni àwa ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbí. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé awọ àti aṣọ tí wọ́n rán léra wọn ní àyà àti ẹ̀yìn máa ń dènà afẹ́fẹ́, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì móoru ju ẹni tó wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo lọ. Awọn baba wa kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ara wọn mọ̀ ọ́n.

Kíjìpá dára, àmọ́ ó ní ọ̀tá kan, omi sì ni. Ọdẹ tó bá ń rìn láàárín koríko ní ìdájí, ìrì yóò rẹ ẹ́ dé orókùn. Ọdẹ tó bá gun òkè yóò làágùn, lẹ́yìn náà yóò gun orí ègùn, yóò jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí mẹ́ta láìmira. Ìgbà yẹn gan-an ni òtútù ń wọlé. Òwú máa ń fa omi mọ́ra, omi náà á wá lẹ̀ mọ́ awọ ara, ọyẹ́ á sì máa fẹ́ lù ú. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi lè wọ ẹ̀wù mẹ́ta kí ó sì máa wa eyín pọ̀.

Irun àgùntàn, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní wúùlù, kò rí bẹ́ẹ̀. Irun yìí ká kókó bí irun orí wa. Afẹ́fẹ́ máa ń há sáàárín rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há yẹn gan-an ló sì ń mú ni móoru, kì í ṣe irun náà fúnra rẹ̀. Bí ìrì tàbí òógùn bá kàn án, ó lè fa omi tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ara bí òwú. Àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín ní Skọ́tílándì, níbi tí òjò àti òtútù kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn sinmi, ń fi wúùlù tó ki ran kóòtù àti ṣòkòtò tí wọ́n fi ń dẹ̀gbẹ́. Bíi ti kíjìpá, kì í dún.

Ẹ lè wá béèrè pé: àwa náà kò ha ní àgùntàn? Kí ló dé tí a kò rẹ́ irun wọn kí a fi hun aṣọ? Ìbéèrè gidi ni, àgbẹ̀ ló sì yẹ kó béèrè rẹ̀. Àgùntàn tiwa nínú igbó yìí, àwọn kúkúrú tó ń jẹ kiri ìta, irun pẹlẹbẹ kúkúrú ló wà lára wọn. Àgbò ní gọ̀gọ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n gọ̀gọ̀ kò ṣe é ran ní òwú. Àwọn tó ń ti òkè Ọya wá, Yankasa, Uda àti Balami, irun kan náà ni. Oòrùn ilẹ̀ wa ló fà á, àgùntàn tó bá ru wúùlù nípọn níbí, ooru ni yóò pa á. Àgùntàn oníwúùlù tí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní kò pọ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni ti Màsínà ní ilẹ̀ Málì, níbi tí odò Ọya ti pín sí ẹ̀ka púpọ̀. Àwọn Fúlàní ibẹ̀ ń rẹ́ irun náà, àwọn ahunṣọ wọn sì ń fi í hun kúbùsù kan tí wọ́n ń pè ní kààsà. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rán pọ̀ di ẹyọ kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe aṣọ òkè. Darandaran ń fi bora nínú òtútù, ó sì ń fi dènà ẹ̀fọn. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tòní. Nínú ihò àpáta Bandiagara, ní Málì kan náà, wọ́n rí àkísà aṣọ òwú àti ti irun àgùntàn tí àwọn Tellem fi sin òkú wọn láti bí ọ̀rúndún kọkànlá.

Ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, etí òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú wúùlù gbà wọlé, aṣọ ọlá ló sì kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn Potogí dé Bìní nígbà tí ọ̀rúndún karùndínlógún ń lọ sópin, wọ́n ń kó aṣọ pupa tí wọ́n fi irun àgùntàn hun wá fún ọba àti àwọn ìjòyè. Àwọn Bìní ń pè é ní òdòdó, àwa náà sì ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Yorùbá ti pàdé rẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àwọ̀ pupa. Ta ni yóò fi òdòdó dẹ̀gbẹ́? Ó pupa jù, ó sì wọ́n jù.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, aṣọ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kún ọjà. Ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó tó ń fẹ́ kí a gbin òwú fún ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902, wá ra òwú wa, ṣùgbọ́n kòkó mú owó wọlé ju òwú lọ. Àgbẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ní agbègbè Ifẹ̀, kòkó gba ilẹ̀, òwú kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìrànwú àwọn ìyá àgbà náà sì dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ní ìdájọ́ tèmi, ibẹ̀ gan-an ni aṣọ ọdẹ ti yí padà. Kakí rọ́pò kíjìpá nítorí pé ó rọrùn láti rí, kì í ṣe nítorí pé ó sàn jù ú lọ. Òwú ni kakí náà, ó sì fẹ́lẹ́ ju kíjìpá lọ. Òtútù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1939 dé 1945, ló mú wúùlù dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Àwọn ọmọ wa púpọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà 81 àti 82 tó jà ní Bọ́mà. Súẹ́tà, kóòtù ńlá àti kúbùsù onírun àgùntàn wà nínú ẹrù ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun ni aṣọ àlòkù láti òkè òkun wá di òwò ńlá. Òkìrìkà ni a ń pè é, wọ́n sì ní orúkọ ìlú Òkìrìkà lẹ́bàá èbúté Pọta ni a fi pè é, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù náà ti ń gúnlẹ̀ nígbà kan. Ìjọba fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ kò sí ọjà tí ẹ kò ní bá a. Ìdí nìyí tí súẹ́tà tí wọ́n hun fún òtútù yìnyín ìlú òyìnbó fi wà lára ọdẹ nínú igbó wa.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣọ́ra. Gbogbo ohun tó nípọn tó sì rọ̀ kọ́ ni wúùlù. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ lónìí, ọmọ epo rọ̀bì ni, ẹ̀rọ ló fà á di òwú. Bí àkọlé bá wà lọ́rùn aṣọ, kí ọmọ yín tó mọ̀wé kà á: "wool" ni ẹ ń wá. Bí ó bá jẹ́ "acrylic", "polyester" tàbí "nylon" ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹ rí. Bí àkọlé bá ti já, ẹ fa òwú kan yọ láti inú ìṣẹ́po aṣọ, kí ẹ sì ṣá iná sí i. (Ẹ sanwó kí ẹ tó ṣe é o, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á.) Wúùlù gidi yóò rùn bí irun tó ń jóná, iná rẹ̀ kò ní pẹ́ kú, eérú rẹ̀ yóò sì rún mọ́ ọwọ́. Òwú lásán yóò jó bí ìwé. Èyí tó jẹ́ ti epo rọ̀bì yóò yọ́, yóò kán sílẹ̀, yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle.

Ìlẹ̀kẹ̀ líle yẹn ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ronú lé jù lọ. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ 1983, iná igbó jó oko kòkó rẹpẹtẹ ní Gánà, kò sì sí ọdún ọyẹ́ kan tí a kì í gbọ́ irú rẹ̀ nítòsí. Ẹni tó wọ súẹ́tà tó ń yọ́, tó sì lọ bá wọn pa iná, bí ẹ̀ta iná bá bà á, aṣọ á yọ́ mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá ń bọ́ ọ, awọ ni yóò bá a lọ. Wúùlù kì í yọ́, kì í sì í tètè gbaná. Bí ẹ bá ń lọ pa iná, tí ẹ kò sì ní wúùlù, ẹ wọ kíjìpá tàbí kakí tó nípọn, kí ẹ fi súẹ́tà olówó pọ́ọ́kú náà sílé.

Wúùlù ní àléébù tirẹ̀ nínú igbó wa, àwọn òyìnbó tó hun ún kò sì mọ̀ ọ́n. Èèmọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé wọ́n rán an mọ́ ọn. Eégbọn ń fi ara pamọ́ sínú rẹ̀. Wèrèpè burú jù, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ni èso rẹ̀ ń gbó. Irun wèrèpè tó bá wọ inú súẹ́tà, ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ ó fi máa họra. Nítorí náà, inú ni kí wúùlù wà, kí kíjìpá tàbí kakí wà lókè rẹ̀. Aṣọ òkè yóò gba ẹ̀gún, èèmọ́ àti wèrèpè, yóò sì dènà afẹ́fẹ́. Ti inú yóò mú ara móoru. Bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ bọ́ ti inú sínú àpò, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá dé orí ègùn. Fìlà onírun dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi bo etí pátápátá, etí ni ọdẹ fi ń ríran lóru. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jáde lẹ́gbẹẹgbẹ́ láti ṣọ́ oko tàbí ìlú, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, ẹ rán aṣọ funfun kékeré mọ́ ẹ̀yìn fìlà yín, kí ẹnì kejì lè mọ̀ yín.

Ó wá ku ìtọ́jú. Ẹ má fọ wúùlù lemọ́lemọ́. Bí ẹ bá ti oko dé, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fà á sókè níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, òórùn èéfín àti òógùn yóò lọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹran bá kàn án, omi tútù ni ẹ fi rẹ ẹ́ kíákíá, omi gbígbóná yóò mú kí ẹ̀jẹ̀ náà dì mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, omi tútù náà ni. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú omi, ẹ má ra á, ẹ má sì lù ú mọ́ òkúta, nítorí wúùlù tí wọ́n bá rà nínú omi gbígbóná yóò sún kì, yóò le bí ẹní, ọmọ ọdún mẹ́fà ni yóò wá bá mu.

Kí ni ti ọṣẹ? Ẹ má lo ọṣẹ dúdú, ẹ má sì lo ọṣẹ ẹlẹ́ẹ̀rún tó ń jẹ ọwọ́. Omi eérú ni ọṣẹ dúdú ti ń gba agbára, omi eérú kan náà tí àwọn aláró wa fi ń mú kí ẹlú wọ òwú. Òwú wá láti ara igi, ó lè gba irú omi bẹ́ẹ̀ láìbàjẹ́. Irun wá láti ara ẹran, omi eérú sì ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ awọ ọwọ́ yín. Ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọdé ló yẹ ẹ́, díẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣan án, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, kí ẹ tẹ omi jáde, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí ẹní ní abẹ́ ibòòji. Bí ẹ bá fi kọ́ orí okùn nígbà tó tutù, omi yóò fà á gùn dé orókùn. Òkìrìkà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ tẹ aṣọ òwú tútù lé e, kí ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ooru náà yóò pa iná orí àti ẹyin wọn.

Ìgbà òjò ló ń pa wúùlù ju ìgbà ọyẹ́ lọ. Bí ọyẹ́ bá lọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kó o, nítorí kòkòrò òólá fẹ́ràn ibi tí òógùn àti ọ̀rá bá wà. Inú àpótí páànù tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, kí ìkán má rí i, pẹ̀lú ewé dógóyárò gbígbẹ tí ẹ dì sínú àkísà. Ẹ lè lo káńfọ̀, ṣùgbọ́n kó má sí níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé, ẹ má sì gbé àpótí náà sínú yàrá tí àgbàdo tàbí ẹ̀wà wà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, ẹ kó o jáde, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ yẹ abẹ́ apá àti ọrùn rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni òólá kọ́kọ́ máa ń jẹ.